Saidat Kì Í Ṣí I Láìdúpẹ́

Mo fẹ́ kéde fún tọmọdé tàgbà, kí ẹ̀rí lè wà lọ́jọ́ iwájú, pé n kì í jẹ búrẹ́dì láìkọ́kọ́ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí n wo ìdí rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. N kò tíì rí nǹkan kan nídìí búrẹ́dì rí, n kò sì lè sọ ní pàtó ohun tí mo ń wá níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní torí ìyẹn jáwọ́. Èmi yìí kan náà, bí wọ́n bá fi nǹkan ránṣẹ́ sórí fóònù mi, màá ti tẹ̀ ẹ́ kí n tó ka orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Búrẹ́dì nìkan ni mo fura sí nílé ayé.

Ẹni tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ìfura mi kò kárí ni Saidat Àmúsà.

Ojú ọ̀nà Ìwáyà ní Yaba ni ìsọ̀ Saidat wà. Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni. Lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, bàbá kan ń fi iná lẹ táyà. Lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ìyá kan ń ta gáàsì ìdáná. Àárín àwọn méjèèjì yìí làwọn ènìyàn máa ń gbà kọjá láti wá sọ fún Saidat pé ìṣọ́ra rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kọ̀ǹpútà méjì ni ó ní: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń bá a jókòó. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ máa ń kùn kó tó dáhùn, bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán. Níbẹ̀ la ti ń tẹ ìwé ìwáṣẹ́ àwọn ọmọ wa, ìwé ètò ìsìnkú àwọn bàbá wa, àti lẹ́tà tí a fi ń bẹ onílé. Bí iná bá jó gbogbo ìwé wa lọ́la, ọ̀dọ̀ Saidat ni púpọ̀ nínú wa yóò ti lọ wádìí ọjọ́ tí wọ́n bí wa.

Ìwà kan wà tí gbogbo oníbàárà mọ̀ mọ́ ọn. Bí ímeèlì bá wọlé, tí wọ́n so fáìlì mọ́ ọn, Saidat kì í ṣí fáìlì náà. Yóò gbé fóònù, yóò pe ẹni tó fi í ránṣẹ́, yóò kí i tilé tọnà, yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹni náà bá gba ọpẹ́, tó sì lè sọ ohun tó dì sínú ẹrù rẹ̀, Saidat yóò ṣí i. Bí ẹni náà bá ní, ‘Ọpẹ́ kí ni?’, Saidat yóò tọrọ gáfárà, yóò sì gbá ímeèlì náà dànù bí ìgbà tí ènìyàn ń gbálẹ̀ àárọ̀. Kì í pe nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ sínú lẹ́tà náà o. Inú ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ti gbó létí ni ó ń kọ nọ́ńbà àwọn oníbàárà rẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ó sì ti ń wò ó. Ó ní bí olè bá máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀ ni yóò kọ.

Ẹni tó bá ń kánjú kì í gbádùn àṣà yìí. Ọkùnrin kan tó fẹ́ tẹ ìwé ìrìnnà rẹ̀ jáde jókòó sórí bẹ́ǹṣì níjọ́ kan, ó ń gbọ́ bí Saidat ṣe ń béèrè àlàáfíà ọmọ mẹ́ta ẹni tó fi ìwé náà ránṣẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ. Ọkùnrin náà ló sọ ọ́ ní Àǹtí Ẹ Ṣeun. Orúkọ náà mọ́ ọn lára débi pé ẹni tó ń lẹ táyà pàápàá ń fi pè é.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní àṣà náà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá, ó ń yan ẹja létí ọ̀sà lọ́hùn-ún nígbà tí Saidat wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án tí Habeeb àbúrò rẹ̀ sì wà lọ́mọ mẹ́rin. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan gbé abọ́ ìrẹsì wọlé, ó ní Àǹtí ní kí òun gbé e wá. Kò sọ Àǹtí wo. Àǹtí tó sì wà ní Ìwáyà pọ̀ ju ìrẹsì lọ. Kí ìyá tó ti ibi ẹja dé, Habeeb ti jẹ ẹran méjì tó tóbi jù. Ìyá ró aṣọ mọ́dìí, ó lọ dúpẹ́. Ilé mẹ́rin ni ó ti dúpẹ́ tí wọ́n bi í pé ọpẹ́ kí ni, kó tó dé ilé karùn-ún, níbi tí wọ́n ti sọ fún un pé onílé ni wọ́n gbé oúnjẹ náà fún, ọmọ ló ṣì í gbé. Ó ní láti se ìrẹsì mìíràn, kó fi ẹran méjì tó tóbi jù sórí rẹ̀, kó sì gbé e lọ fún onílé fúnra rẹ̀.

Nígbà tó dé, kò na ẹnikẹ́ni. Òfin ló gbé kalẹ̀. Ó ní láti òní lọ, ọpẹ́ ni yóò máa ṣáájú ṣíṣí. Ó ní, ‘Ẹni tó gbé e wá lóòótọ́ á gba ọpẹ́ rẹ. Ẹni tí kò gbé e wá á bi ọ́ pé kí ni. Lọ́nà méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé o ò lẹ́kọ̀ọ́.’

Saidat gba òfin náà sọ́kàn. Wọ́n bi Habeeb ní ẹ̀kọ́ tó rí kọ́, ó ní ẹran náà rọ̀.

Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, iṣẹ́ kan dé tí Saidat fẹ́ ju gbogbo iṣẹ́ tó ti ń ṣe lọ. Àwọn tó ni ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni márùn-ún ní Yaba àti Surulere ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa tẹ ìbéèrè ìdánwò fún àwọn máràrùn-ún. Ìyáàfin Motọ́lání, tó ni ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ẹ̀yìn ojú ọ̀nà Ìwáyà, ló dárúkọ Saidat. Àwọn kan ń dárúkọ ilé ìtẹ̀wé kan ní Surulere tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́fà àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹgbẹ́ wá ní kí Saidat ṣe ti sáà yìí ná, kí àwọn fi wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ ọ́ lára. Tíṣà ni Saidat fẹ́ jẹ́. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó ṣe ọdún kan níbẹ̀, àìsàn ìyá rẹ̀ sì mú un padà sílé lọ́dún kejì. Láti ìgbà náà, ìwé ìwáṣẹ́ àwọn tíṣà ẹlòmíràn ni ó ń tẹ̀. Ó ti tẹ̀ ẹ́ fún tíṣà tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn, ó sì bá a dúpẹ́ nígbà tó ríṣẹ́. Ìbéèrè ìdánwò yìí ni nǹkan tó máa gbé e sún mọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ jù láti ogún ọdún ó lé. Nígbà tó kun pátákó ìsọ̀ rẹ̀ lọ́tun, ó fi àyè kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ gbalaja. Kò sọ ohun tó fẹ́ kọ síbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Alága ẹgbẹ́ náà ni Alàgbà Ọláyíwọlá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ti wà ní Surulere kí ọ̀pọ̀ àwọn òbí tó ń kó ọmọ wá síbẹ̀ tó dáyé. Ó fún Saidat ní òfin mẹ́ta. Èkíní, lẹ́yìn tí olúkúlùkù bá ti fi ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ sí Saidat, kí ó pa ímeèlì tó fi rán an rẹ́, kí ó sì sun ìwé tó fọwọ́ kọ, kí ó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ falẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má pe òun lórí fóònù nítorí ọ̀rọ̀ ìdánwò. Ohun tí òun bá kọ ti tó.

Ó kúkú mọ ìwé é kọ. Bí Bàbá bá kọ lẹ́tà, ìkíni ni yóò gba ìdajì ojú ewé. Yóò kí ọ kú iṣẹ́, yóò kí ọ kú ooru, yóò kí ọ kú àìrí iná, yóò béèrè ara ìyá rẹ, kó tó wá sọ ohun tó ń bí i nínú.

Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́rin. Ìbéèrè ilé-ẹ̀kọ́ máràrùn-ún ti wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́, Saidat sì ti tẹ mẹ́rin parí. Habeeb wà nísọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì báyìí, ó ń tún fóònù ṣe ní Ọ̀yìngbò, ó sì gbà pé òun ni olóye ẹbí lórí ohun gbogbo tó bá ń lo bátìrì. Èmi náà wà níbẹ̀, mò ń dúró de fọtokọ́pì.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ímeèlì kan wọlé. Orúkọ Alàgbà Ọláyíwọlá ló wà lókè rẹ̀, àdírẹ́sì rẹ̀ gan-an sì ni, lẹ́tà kan kò yàtọ̀. Gbólóhùn méjì péré ló wà nínú rẹ̀: àtúnṣe ti bá ìbéèrè ìdánwò, kí ẹ ṣí fáìlì yìí lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kó tó di aago mẹ́rin. Fáìlì náà sì wà nísàlẹ̀, ó so rọ̀.

Saidat na ọwọ́ sí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Habeeb rí i.

Ó ní, ‘Àǹtí mi, ta lẹ fẹ́ pè?’

Saidat ní òun fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá.

‘Bàbá tó ní kí wọ́n má pe òun?’

Habeeb fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sì ṣàlàyé fún un, pẹ̀lú sùúrù tí a fi ń ṣàlàyé nǹkan fún ẹni tó bí wa, pé àdírẹ́sì náà pé, orúkọ náà pé, ọ̀rọ̀ ìdánwò ló sì wà níbẹ̀. Ó ní kí ni wọ́n tún ń wá nínú ìwé? Ó ní bí wọ́n bá pe Bàbá, òfin kẹta ti já nìyẹn. Bí wọ́n bá jókòó tì í, tí aago mẹ́rin lù, òfin kejì ti já. Ó ní, ‘Ẹ máa dúpẹ́ lọ, àwọn oníkọ̀ǹpútà mẹ́fà ń dúró de ẹ̀yin àti ọpẹ́ yín ní Surulere.’

N kò ní parọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Ó wọ Saidat náà létí. Mo rí i bó ṣe fi ìwé àkọsílẹ̀ náà sílẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé máòsì, tí àmì kékeré ojú kọ̀ǹpútà náà sì rìn lọ sórí fáìlì, ó dúró síbẹ̀. Pátákó ìsọ̀ wà níta, àyè òfìfo wà lára rẹ̀. Ìtẹ̀ kan ṣoṣo ló kù.

Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá kà á lẹ́ẹ̀kẹta, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Ó ní, ‘Habeeb, kò kí mi.’

Habeeb ní bóyá ọwọ́ Bàbá dí.

Saidat ní, ‘Lóṣù tó kọjá, Bàbá yìí kọ lẹ́tà láti bá mi wí pé mo pẹ́. Ó kí mi tán, ó kí ìyá mi tán, ó kí àwọn tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, kó tó bá mi wí. Ọjọ́ tó ń bínú, ó kí mi. Òní tí kò bínú, kò wá kí mi?’

Ó gbé fóònù.

Bàbá gbé e ní ìgbà àkọ́kọ́ tó dún, ohùn rẹ̀ sì ti le kó tó jáde. Ó bi í pé ṣé òun kò ti sọ fún gbogbo wọn pé kí ẹnikẹ́ni má pe òun lórí ọ̀rọ̀ ìdánwò.

Saidat ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀ nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá kò lè rí i láti Surulere. Ó ní, ‘Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ ní kí n má pè yín lórí ọ̀rọ̀ ìdánwò. Ọpẹ́ ni mo pè fún.’

Ó ṣòro láti bínú sí ẹni tó ń dúpẹ́. A kò ní èdè tí a fi ń ṣe é. Bàbá tún ohùn ṣe, ó ní ó dára, ó ní ara ìyá ńkọ́. Saidat ní ara wọn le. Ó wá ní òun dúpẹ́ fún fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

‘Fáìlì wo?’

Bàbá ní ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orí òun wà lábẹ́ kílípà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, awò ojú òun sì wà nílé lórí tábìlì. Ó ní kò sí fáìlì tí òun fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lónìí, kò sì sí àtúnṣe kankan.

Saidat ní kí wọ́n má bínú, sà. Ó mú ọwọ́ kúrò lórí máòsì bí ẹni pé ó gbóná. Ó wá béèrè, ní ohùn ìrẹ̀lẹ̀, bóyá wọ́n lè bá òun pe àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́, bí irú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n má baà dúpẹ́ lọ́kàn nìkan kí wọ́n sì ṣí i.

Wọ́n ti dúpẹ́ lọ́kàn nìkan. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ti ṣí fáìlì náà kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Ìyáàfin Motọ́lání wà lára wọn. Ó sọ fún Saidat lẹ́yìn náà pé ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ rú òun lójú, ṣùgbọ́n ṣé òun ni òun ó wá pe alága, kí òun bi í bóyá Bàbá ló kọ ohun tí orúkọ Bàbá wà lórí rẹ̀? Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí i tàná fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo fáìlì inú rẹ̀ pa orúkọ dà, kò sí èyí tó ṣí mọ́, ìwé kan sì jáde lójú rẹ̀ tó ní kí ó wá sanwó ìtúsílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn méjì yòókù. Ìbéèrè ìdánwò wọn lọ. Èyí tí wọ́n fọwọ́ kọ sì ti di eérú látọjọ́ Ajé, gẹ́gẹ́ bí òfin kìíní ti wí.

Báyìí ló ṣe di pé, ní aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ibì kan ṣoṣo ni ìbéèrè ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta wà ní gbogbo ayé: inú kọ̀ǹpútà Saidat, ìyẹn èyí tó ń ṣiṣẹ́, láàárín iná onítáyà àti gáàsì.

Habeeb dìde. Kò sọ̀rọ̀ ẹran, kò sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mẹ́fà. Ó mú fláàṣì tuntun jáde láti inú àpò rẹ̀, ó ní kí Àǹtí da gbogbo rẹ̀ kọ síbẹ̀ kó tó ṣe ohun mìíràn, kó sì fi í sí ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ló wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó wá ọkọ̀ dé Surulere láti lọ bá Bàbá wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní ìkíni nìkan gba ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n wá dé ìdí ọ̀rọ̀, Bàbá jẹ́wọ́ fún un pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun gba fáìlì kan láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyàwó òun ní Ìjẹ̀bú, ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé. Nígbà tí òun ṣí i, ó ní kí òun tẹ páásíwọ́ọ̀dù ímeèlì òun síbẹ̀ kí òun tó lè rí àwòrán inú rẹ̀. Ó ya òun lẹ́nu díẹ̀ pé kí ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi páásíwọ́ọ̀dù òun ṣe. Ṣùgbọ́n àna àgbà ni. Òun tẹ̀ ẹ́. Kò sí àwòrán.

Nígbà tí Habeeb rọra bi í bóyá ẹ̀gbọ́n ní Ìjẹ̀bú náà gbà á láti ibì kan, Bàbá pe Ìjẹ̀bú. Ẹ̀gbọ́n ní òun gbà á lọ́wọ́ olóyè kan tó ju òun lọ. Wọn kò tọpinpin rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá ń gùn ún lọ báyẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bá a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dàgbà jù ní ilẹ̀ Yorùbá, kí wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Olè náà kò gbé àdá, kò fọ́ ilẹ̀kùn. Ó kàn rí i pé àwa kì í bi àgbà léèrè, ó sì ń ti orí àgbà bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Habeeb bá Bàbá yí páásíwọ́ọ̀dù padà, ó sì ṣe é kí fóònù Bàbá máa gba nọ́ńbà kan tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó lè wọ inú ímeèlì rẹ̀, àní bó bá mọ páásíwọ́ọ̀dù. Ó kìlọ̀ fún Bàbá pé kó má sọ nọ́ńbà náà fún ẹnikẹ́ni. Bàbá bi í bóyá ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú wà lára ẹnikẹ́ni. Habeeb ní ẹ̀gbọ́n ló ṣáájú wọn.

Iṣẹ́ wá ku ti Saidat. Àwọn tó ni ìbéèrè gbọ́dọ̀ wo ohun tó tẹ̀, kí wọ́n rí i pé kò sí àṣìṣe, kó tó di ìwé. Àwọn wọ̀nyí kan náà ni ẹni tí fáìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ bù jẹ. Ìyáàfin Motọ́lání ní òun kò ní ṣí fáìlì kankan mọ́ láyé, ìbáà jẹ́ ti áńgẹ́lì.

Saidat pè é kó tó fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, màá fi fáìlì kan ránṣẹ́ sí yín nísinsìnyí. Orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yín àti ọjọ́ òní ló wà lára rẹ̀. Ojú ewé méjìlá ni, kò lé, kò dín. Mo ti tì í pa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sí nínú lẹ́tà, ẹnu ni màá fi sọ ọ́ fún yín.’

Ìyáàfin Motọ́lání béèrè ìdí tí kò fi kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan náà, kó lè yá. Saidat ní a kì í so kọ́kọ́rọ́ rọ̀ mọ́ àgádágodo tí a fi ti ilẹ̀kùn. Ìyáàfin ní kí wọ́n fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ òun ṣe páásíwọ́ọ̀dù. Saidat ní orúkọ náà wà lára ògiri wọn níta, lẹ́tà rẹ̀ sì tóbi. Ó yan gbólóhùn gígùn kan tó dá lórí àbúrò rẹ̀ àti ẹran, tí n kò ní kọ síbí, nítorí mo gbà pé ó ṣì ń lò ó.

Fáìlì lọ. Ìyáàfin Motọ́lání fi fóònù rẹ̀, tí nǹkan kan kò ṣe, gbà á. Kó tó ṣí i, ó pe Saidat padà láti dúpẹ́. Saidat ní ojú ewé mélòó ló sọ pé ó jẹ́? Ìyáàfin ní méjìlá. Saidat sọ kọ́kọ́rọ́ náà fún un, ó ní kí ó ṣí i. Ó pé. Ìyáàfin tún dúpẹ́ pé ó pé, Saidat dúpẹ́ pé ó dúpẹ́. Ọkùnrin kan tó wá ṣe fọtokọ́pì fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun á padà wá. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, àwọn máràrùn-ún ti wo tiwọn, àṣìṣe mẹ́rin ni wọ́n rí, wọ́n sì tún un ṣe. Wọ́n tẹ ìwé jáde láàárọ̀ Sátidé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Ní ọ̀sán Sátidé kan náà, ẹgbẹ́ ṣèpàdé nínú kíláàsì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ Ìyáàfin Motọ́lání. Wọ́n ránṣẹ́ pe Saidat. Èmi ni mo bá a ru páálí ìwé ìdánwò wọlé, n kò sì tètè jáde. Ó jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orókùn rẹ̀ ga dé àyà, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára pátákó ìkọ̀wé tó wà níwájú.

Alàgbà Ọláyíwọlá dìde. Lẹ́yìn ìkíni, nígbà tí oòrùn ti yí díẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ ti fẹnu kò: láti òní lọ, Saidat Àmúsà ni yóò máa tẹ ìbéèrè ìdánwò gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ó ní òfin kẹta ti kú. Ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ tó bá gba fáìlì, kó pe ẹni tó fi í ránṣẹ́, kó dúpẹ́, kó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́nu onítọ̀hún, kó tó ṣí i.

Ó ní, ‘Bó bá jẹ́ èmi ni mo fi ránṣẹ́ ńkọ́? Ẹ pè mí. Bí mo bá bínú, ẹ tún mi pè.’

Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà ju àtẹ́wọ́ lọ. Saidat ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn àga kéékèèké náà, ó ń dúpẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí mo gbọ́ ọ tó dúpẹ́ tí kò lè parí gbólóhùn rẹ̀.

Wọ́n ti kun pátákó náà báyìí. Ẹ lè lọ wò ó bẹ́ ẹ bá ń kọjá ní Ìwáyà. A Ń TẸ ÌBÉÈRÈ ÌDÁNWÒ, lẹ́tà aláwọ̀ ewé, ó gba gbogbo àyè náà, lẹ́tà Ò tó gbẹ̀yìn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọlé. Ní ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ márùn-ún jókòó sí ìdánwò lásìkò, wọ́n sì bínú sí Saidat láìmọ̀ ọ́n, bó ṣe yẹ kí ọmọ ilé-ìwé bínú sí tíṣà.

Ohun kan ló kù tí mo ní láti ròyìn, kí ìtàn má baà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí Bàbá tó jókòó lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, ó fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n tan òun jẹ. Ó ní láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí òun ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù náà ni òun ti mọ̀ pé olè ni. Òun kàn fẹ́ wo ibi tó máa bá a dé ni. Gbogbo àwọn tó ni ilé-ẹ̀kọ́ mi orí. Habeeb, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi tirẹ̀ jù wọ́n lọ. Nọ́ńbà Bàbá wà lọ́wọ́ mi níbí, ó sì ti ní kí a máa pe òun: ta ni nínú yín tó fẹ́ pè é, kó bi í pé báwo ló ṣe mọ̀?